Bí mo ṣe mọ gígùn igi òrùlé kí a tó ra pákó

Ẹ̀yìn ilé ìyá mi ní Kàbà ni a kọ́ ilé ìdáná tuntun náà sí, nítorí pé ìjì tí ó máa ń ṣáájú òjò ti ká páànù ti àtijọ́ lọ. Nígbà tí bíríkìlà parí ògiri, fífẹ̀ ilé náà jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 16, gígùn rẹ̀ sì jẹ́ 12. Òrùlé ni ó kù. Àgbàlagbà ni káfíńtà tí ó bá wa ṣe é. Ìṣe tirẹ̀ ni kí ó gbé pákó lé orí ògiri, kí ó fi pẹ́ńsùlù sàmì sí i, kí ó tó gé e. Ọ̀nà náà dára, ṣùgbọ́n pákó gbọ́dọ̀ ti wà nílẹ̀ kí a tó lè lò ó, èmi kò sì tíì ra ẹyọ kan. Ẹsẹ̀ bàtà 12 ni pákó tí mo lè rí rà, ìyá mi sì fẹ́ kí òrùlé yọ síta ní ẹsẹ̀ bàtà 3 ní ìhà méjèèjì, kí igi ìdáná tí ó ń tò sí ẹ̀gbẹ́ ògiri má baà máa rẹ. Ohun tí mo ní láti mọ̀ ni bóyá pákó kan ṣoṣo yóò tó láti téńté òrùlé dé etí rẹ̀, tàbí a ó máa so méjì pọ̀.

Mo ya àwòrán rẹ̀ sínú ìwé. Bí òpó kan bá dúró ṣánṣán ní àárín ilé, tí igi ìdábùú sì ti ìdí rẹ̀ lọ sí orí ògiri, igi òrùlé tí ó dà gẹ̀rẹ̀gẹ̀rẹ̀ ni yóò pa méjèèjì pọ̀ di onígun mẹ́ta. Igun ìdí òpó náà jẹ́ ìwọ̀n 90, igi òrùlé tí ó kọjú sí i sì ni ẹ̀gbẹ́ tí ó gùn jù lọ. Òfin tí a fi ń wá a ni a fi orúkọ Pythagoras ará Gíríìkì pè, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn ará Bábílónì ti ń lò ó ní ohun tí ó ju 1,000 ọdún lọ ṣáájú rẹ̀: a ó fi ẹ̀gbẹ́ kúkúrú kọ̀ọ̀kan lọ́nà ara rẹ̀, a ó ro méjèèjì pọ̀, a ó sì wá iye tí a lè fi lọ́nà ara rẹ̀ kí ó tó di àròpọ̀ náà.

Ìdajì 16 jẹ́ 8. Mo kọ́kọ́ fi gíga òpó sí ẹsẹ̀ bàtà 4. 8 lọ́nà 8 jẹ́ 64, 4 lọ́nà 4 jẹ́ 16, àròpọ̀ wọn sì jẹ́ 80. 9 lọ́nà 9 jẹ́ 81, nítorí náà ìdáhùn kò pé 9, ṣùgbọ́n ó sún mọ́ ọn gan-an. Mo pín 80 sí ọ̀nà 9, mo rí 8.889, mo wá agbedeméjì òun àti 9, ó jẹ́ 8.944. Fóònù mi náà fún mi ní 8.944.

Ibí yìí ni mo ti ṣìṣe. Mo kọ ẹsẹ̀ bàtà 8 àti ínǹṣì 9 sílẹ̀, bí ẹni pé ínǹṣì ni nọ́ńbà tí ó wà lẹ́yìn àmì náà. Ínǹṣì 12 ni ó wà nínú ẹsẹ̀ bàtà kan, kì í ṣe 10, nítorí náà 0.944 gbọ́dọ̀ lọ́nà 12, èyí tí ó jẹ́ ínǹṣì 11 àti ìdá kan nínú mẹ́ta. Láti dá ara mi lójú, mo tún ìṣirò náà ṣe pẹ̀lú ínǹṣì nìkan: 96 àti 48 fún mi ní 107 àti ìdá kan nínú mẹ́ta, ọ̀kan náà sì ni. Bí mo bá ti gbé èyí àkọ́kọ́ fún káfíńtà, igi kọ̀ọ̀kan ìbá fi ínǹṣì méjì ó lé kúrú.

Nígbà tí mo fi ẹsẹ̀ bàtà 3 ti ìta kún un, ó di ẹsẹ̀ bàtà 11 àti ínǹṣì 11 ó lé díẹ̀. Pákó kan yóò tó, ṣùgbọ́n ohun tí yóò ṣẹ́kù kò tó ínǹṣì kan.

Káfíńtà fẹ́ kí òpó ga tó ẹsẹ̀ bàtà 4 àbọ̀. Mo ní, “Baba, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ ṣírò rẹ̀.” 64 àti 20.25 jẹ́ 84.25, èyí tí ó fún wa ní ẹsẹ̀ bàtà 9 àti ínǹṣì 2. Pẹ̀lú ti ìta, ó ju pákó lọ ní ínǹṣì méjì, gbogbo igi mẹ́wàá ni a ó sì so. Wọ́n wo ìwé náà fún ìgbà díẹ̀, wọ́n ní, “Ó dáa, ọmọ mi, kí ó jẹ́ 4. Omi yóò ṣì máa ṣàn dáadáa.”

Ní ọjà, mo fi téèpù wọn pákó kọ̀ọ̀kan, mo sì dá mẹ́ta tí kò pé 12 padà. Ní ọjọ́ iṣẹ́, káfíńtà wọn ẹsẹ̀ bàtà 3 sókè lára òpó àti 4 lórí ìdábùú, wọ́n sì rí i pé àárín àmì méjèèjì jẹ́ 5 gẹ́lẹ́, kí wọ́n tó kan ìṣó kankan. Èyí ni ó fi hàn pé igun ìdí òpó jẹ́ ìwọ̀n 90, nítorí 9 àti 16 jẹ́ 25, èyí tí í ṣe 5 lọ́nà 5. Bí igun náà bá ti yẹ̀, ìṣirò mi kò ní bá igi mu. Igi àkọ́kọ́ kan téńté, ó sì yọ síta bí ìyá mi ti fẹ́. Kí a tó kan páànù ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí to igi ìdáná sábẹ́ rẹ̀.