Bí mo ṣe pààrọ̀ bẹ́rìn táyà iwájú ọ̀kadà mi fúnra mi

Ariwo ló kọ́kọ́ ta mí lólobó. Lójú ọ̀nà Ìṣẹ́yìn sí Òkèihò, bí mo bá ti sáré díẹ̀, nǹkan á máa kùn lábẹ́ mi bí ọlọ tí wọ́n fi ń lọ ata gbígbẹ. Tí mo bá tẹ̀ síbi kan láti yà ní kọ́nà, ohùn náà á yí padà. Mo rò pé táyà ló ti jẹ, mo gbójú fò ó. Ìgbà tí ọwọ́ ọ̀kadà bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n ni àyà mi já, torí Boxer yìí ni mo fi ń gbé ọmọ mi lọ síléèwé.

Mo gbé e sórí sítáǹdì, mo ki òkúta sábẹ́ ẹ́ńjìnnì kí táyà iwájú lè kúrò nílẹ̀. Mo fọwọ́ kan di táyà mú lókè, mo fi èkejì dì í mú nísàlẹ̀, mo ń mì í. Ó ń dún gbọ̀-gbọ̀. Táyà tí bẹ́rìn rẹ̀ (òrùka irin méjì, ọ̀kan nínú èkejì, tí àwọn ọmọ irin roboto wà láàárín wọn kí táyà lè máa yí wẹ́rẹ́) ṣì le kì í mì bẹ́ẹ̀. Mo tú okùn bíréèkì àti nọ́ọ̀tì, mo fa ọ̀pá irin tó la àárín táyà kọjá yọ, mo wá ki ìka bọ inú bẹ́rìn. Ti apá kan ń yí wẹ́rẹ́. Ti apá kejì ń há, ó ń já, àfi bíi pé iyanrìn wà nínú rẹ̀. Mo fi bíléèdì ṣí róbà ojú rẹ̀: omi pupa tó ti dípẹtà ló wà níbi tó yẹ kí gírísì wà.

Ohun tó dùn mí ni pé bẹ́rìn náà ò tíì pé oṣù mẹ́rin. Ojú mi ni mẹkáníìkì ṣe fi òòlù àti ṣísù gbá òrùka inú rẹ̀ wọlé, mi ò sì sọ̀rọ̀. Òrùka ìta ló há mọ́ ara ilé bẹ́rìn, ìyẹn ihò àárín táyà tí bẹ́rìn ń wọ̀. Tí ẹ bá gbá ti inú, àwọn ọmọ irin roboto tó wà láàárín ni yóò ru gbogbo ìyà òòlù náà, wọn á sì dá kòtò wẹ́wẹ́ sí ojú ọ̀nà tí wọ́n ń yí lórí rẹ̀. Ó ti ń kú kó tó dójú títì. Omi alágbára tí wọ́n ń fi fọ ọ̀kadà ló parí iṣẹ́ náà.

Nọ́ńbà tó wà lára rẹ̀ ni 6301: ihò inú 12 mìlímítà, ìbú ìta 37, nínípọn 12. Mo ra méjì tó ní róbà lójú méjèèjì. Ẹ má pààrọ̀ ọ̀kan ṣoṣo. Mo fi ọ̀rá wé wọn, wọ́n sun inú fìrísà mọ́jú. Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì mo sá táyà sóòrùn. Irin tútù á sún kì díẹ̀, ilé rẹ̀ á fẹ̀ díẹ̀, ìjà á dín kù.

Ọmọ mi mú tọ́ọ̀ṣì. Páìpù irin kékeré kan wà láàárín bẹ́rìn méjèèjì. Mo tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́ kí ọ̀pá irin tí mo ń fi òòlù lù lè rí etí bẹ́rìn àtijọ́ gbá, ọ̀tún lẹ́ẹ̀kan, òsì lẹ́ẹ̀kan, títí ó fi já bọ́.

“Dádì, ṣé kò ní fọ́?”

“Èyí ti kú tẹ́lẹ̀. Tuntun la máa rọra ṣe.”

Mo nu inú ibẹ̀ mọ́, mo wá sọ́kẹ́ẹ̀tì (orí sípánà oníhò) tí ẹnu rẹ̀ fẹ̀ tó òrùka ìta, ìyẹn ni mo gbé lé tuntun kí n tó fi òòlù kàn án. Ó ń dún bò-bò bó ṣe ń wọlé. Nígbà tó jókòó, ohùn náà di kàn! Mo dáwọ́ dúró. Mo dá páìpù padà kí n tó gbá ìkejì. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbàgbé páìpù yìí: tí kò bá sí níbẹ̀, bí ẹ bá ti ń de nọ́ọ̀tì ni òrùka inú méjèèjì á máa sún pàdé ara wọn, bẹ́rìn tuntun á sì há.

Mo fọwọ́ kan yí táyà. Ó ń yí lọ, ó ń yí lọ, kò dún. Láàárọ̀ ọjọ́ tó tẹ̀ lé e a gba ọ̀nà iléèwé lọ, ọmọ mi sì ń kọrin lẹ́yìn mi. Mo gbọ́ gbogbo ọ̀rọ̀ orin náà.