Bí mo ṣe ń ka ọjọ́ bí ará Róòmù fún gúrúùpù wa, títí Bàbá Tíṣà fi bá mi dá sí i

Èmi ni ádímìn gúrúùpù WhatsApp kan tí àwa ọmọ Yorùbá tó fẹ́ràn ìtàn Róòmù àtijọ́ dá sílẹ̀ ní 2022, a ò pọ̀, kò ju bí ogójì èèyàn lọ, àwọn kan wà n'Íbàdàn, àwọn kan Èkó, àwọn kan Ìlọrin, àwa kan wà ní Lọ́ńdọ̀nù níbí. Ẹ má bi mí pé kí ló kan Yorùbá kan Róòmù o. Ẹni tó ń jí lóru wo bọ́ọ̀lù Sípéènì, ẹnì kankan ò bi í pé kí ló kàn án.

Gúrúùpù yẹn fẹ́ẹ̀ kú mọ́ mi lọ́wọ́ ní 2023. Ìjà ni. Ọ̀kan á ní Hannibal, ọ̀gágun Carthage, ì bá ti gba Róòmù ká ní ó gbéra kíá lẹ́yìn ogun Cannae, èkejì á ní irọ́ gbuu, àwọn kan ń gbè sẹ́yìn Késárì, àwọn kan Pompey tó bá a jagun, kó tó di òru wọ́n ti ń bú bàbá ara wọn. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ti gúrúùpù pa tó jẹ́ pé ádímìn nìkan ló lè sọ̀rọ̀, èyí náà ò ràn án, ibi tí wọ́n bá ti ṣí i ni wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀. Mo wá rò ó pé nǹkan kékeré kan tí gbogbo wa á jọ máa ṣe lójoojúmọ́ ló lè tù wọ́n lójú, nǹkan tí kò ní ìjà nínú. Ni mo bá ní màá máa fi déètì òní ránṣẹ́ láràárọ̀, bí ará Róòmù ṣe máa kọ ọ́ gan-an. Mo lérò pé nǹkan ìṣẹ́jú méjì ni.

Ẹ wò ó, àwọn ará Róòmù kì í ka oṣù látorí ọ̀kan dé ọgbọ̀n bíi tiwa. Òpó mẹ́ta ni wọ́n rì mọ́ inú oṣù. Kalendae ni ọjọ́ kìíní. Nonae jẹ́ ọjọ́ karùn-ún, Idus jẹ́ ọjọ́ kẹtàlá, àfi nínú Máàṣì, Méè, Júláì àti Ọkitóbà tí Nonae jẹ́ ọjọ́ keje tí Idus sì jẹ́ ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún. Ọjọ́ yòókù ò lórúkọ tiwọn, wọ́n kàn ń wo òpó tó wà níwájú ni, bí ìgbà tí èèyàn ń ka iye ọjọ́ tó kù kí Iléyá dé. Ọjọ́ tó kù ọ̀la kó di Idus, Pridie Idus ni wọ́n ń pè é, ìyẹn àìsùn Idus, bí a ṣe ń sọ àìsùn Kérésìmesì. Tí Idus bá sì ti kọjá, Kalendae oṣù tó ń bọ̀ ni wọ́n kọjú sí, ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé 14 Jánúárì ti ń jẹ́ orúkọ Fẹ́búárì, a.d. XIX Kal. Feb., ìyẹn ọjọ́ kọkàndínlógún sí Kalendae Fẹ́búárì (a.d. ni ante diem, ṣáájú ọjọ́). Èyí da orí àwọn èèyàn rú fún ọ̀sẹ̀ kan gbáko, wọ́n ní báwo ni oṣù kan á ṣe máa jẹ́ orúkọ oṣù tí kò tíì dé.

Mo bẹ̀rẹ̀ ní ìparí Ọ́gọ́ọ̀sì 2023. Orí ni mo fi ń ṣe é, nínú bọ́ọ̀sì, nígbà tí mo bá ń lọ síbi iṣẹ́. Ará ń gbádùn ẹ̀, wọ́n ń kí mi, mo ń fẹ̀.

Ibi tó ti wá bà jẹ́ rèé. Lẹ́tà kan wà tí wọ́n wú nílẹ̀ ní Vindolanda, ní òkè Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ibi tí àwọn sójà Róòmù ṣe bùdó sí, ó ti tó bí ọdún 100 lẹ́yìn ìbí Jésù, kó tó di pé Hadrian, olú ọba Róòmù, bẹ̀rẹ̀ ògiri rẹ̀ níbẹ̀ ní 122. Obìnrin kan, Claudia Severa, ló ń pe ọ̀rẹ́ rẹ̀ Sulpicia Lepidina, ìyàwó ọ̀gá sójà ibẹ̀, wá sí ọjọ́ ìbí rẹ̀. Mo ti lọ wo lẹ́tà yẹn ní British Museum, pákó tín-ín-rín báyìí ni, wọ́n fi yíǹkì dúdú kọ ọ́. Akọ̀wé ló kọ èyí tó pọ̀ jù níbẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ já gaara, ṣùgbọ́n nísàlẹ̀ Severa fúnra rẹ̀ gba gègé, lẹ́tà rẹ̀ rí jágajàga bíi ti ẹni tí kì í fi bẹ́ẹ̀ kọ̀wé, ó ń pe Lepidina ní arábìnrin mi, ọkàn mi ọ̀wọ́n. Mo dúró níwájú gíláàsì yẹn pẹ́. Èèyàn ka ìtàn ogun títí, obìnrin kan tó ń bẹ ọ̀rẹ́ rẹ̀ pé kó jọ̀ọ́ kó wá ló wá mú mi.

Déètì tó wà lórí ẹ̀ ni "iii Idus Septembres", ọjọ́ kẹta sí Idus Sẹ̀tẹ́ńbà. Idus Sẹ̀tẹ́ńbà jẹ́ 13. Mo yọ mẹ́ta kúrò nínú mẹ́tàlá, ó ku mẹ́wàá. Mo kọ ọ́ gàdàgbà sínú gúrúùpù pé 10 Sẹ̀tẹ́ńbà ni ọjọ́ ìbí Severa, kí gbogbo èèyàn múra, ká ṣe é lóge. Arábìnrin wa kan n'Ílọrin lọ ní kí wọ́n bá òun ṣe kéèkì, wọ́n kọ SEVERA sí i lórí pẹ̀lú àísìn búlúù. Ó ya fọ́tò, ó fi ránṣẹ́, gbogbo wa ń pàtẹ́wọ́.

Lálẹ́ ọjọ́ yẹn ni Bàbá Tíṣà fi voice note ránṣẹ́. Bàbá yìí ti fẹ̀yìn tì nídìí iṣẹ́ olùkọ́, Ọ̀yọ́ ni wọ́n ń gbé, wọn kì í sábà dá sí nǹkan kan, wọ́n á kàn máa kà á. Mo tẹ̀ ẹ́, mo gbọ́ adìyẹ tó ń ké lẹ́yìn wọn.

"Ádímìn, ọmọ mi, o kúuṣẹ́. Mo ní ìbéèrè kan. Tí òní bá jẹ́ ọjọ́ kẹtàlá, ìjẹta jẹ́ ọjọ́ kélòó?"

Mo tẹ̀ ẹ́ pé, "Kọkànlá ni, sà."

Wọ́n tún fi òmíràn ránṣẹ́. "Ó dáa. Mẹ́ta dà nínú ìjẹta yẹn? Ṣé kì í ṣe pé òní jẹ́ ọ̀kan, àná jẹ́ méjì, ìjẹta wá jẹ́ ìkẹta? Bí àwọn ará Róòmù ẹ ṣe ń kà nìyẹn, wọ́n ń ka ibi tí wọ́n dúró sí mọ́ ọn. Òyìnbó ló ba ìka rẹ jẹ́."

Ẹ gbà mí. Mo gbé fóònù sílẹ̀. Ọjọ́ ìbí obìnrin yẹn, 11 Sẹ̀tẹ́ńbà ni, 11, 12, 13, mẹ́ta géérégé. Mo lọ wo ìwé tó túmọ̀ lẹ́tà yẹn tí mo ti rà láti ọjọ́ yìí, 11 ni wọ́n kọ síbẹ̀, mi ò tiẹ̀ yẹ̀ ẹ́ wò kí n tó lanu. Gbogbo déètì tí mo ti fi ránṣẹ́ láti ìparí Ọ́gọ́ọ̀sì, ọjọ́ kọ̀ọ̀kan ni mo fi ṣì wọ́n. Arábìnrin Ìlọrin ní ẹ̀bi òun kọ́, àwọn ti jẹ kéèkì náà dé S àti E.

Mo bẹ̀ wọ́n, mo wá jókòó ṣe é dáadáa lórí Excel lọ́tẹ̀ yìí. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe é, báyìí ló ṣe ń lọ. Tí déètì ẹ bá ṣáájú Nonae tàbí Idus, yọ ọ́ kúrò nínú déètì òpó yẹn, kó o wá fi ọ̀kan lé e, torí òní fúnra rẹ̀ wà nínú ìṣirò. 10 Máàṣì, Idus jẹ́ 15, ó ku 5, fi 1 lé e, a.d. VI Id. Mart. nìyẹn. Tí Idus bá ti kọjá, mú iye ọjọ́ tó wà nínú oṣù, yọ déètì ẹ, fi 2 lé e, ọ̀kan fún òní, ọ̀kan fún Kalendae tó ń bọ̀. Mú 21 Éépírì tó jẹ́ ọjọ́ ìbí ìlú Róòmù fúnra rẹ̀, tí Varro, ọ̀mọ̀wé Róòmù kan, ní 753 ṣáájú ìbí Jésù ni wọ́n tẹ̀ ẹ́ dó: 30 yọ 21 ó ku 9, fi 2 lé e, a.d. XI Kal. Mai. Ohun tó yẹ kẹ́ ẹ ṣọ́ra fún ni pé kò sí a.d. II o. Tí ìṣirò ẹ bá fún ẹ ní 2, àìsùn nìyẹn, Pridie ni kó o kọ.

Látìgbà tí Bàbá Tíṣà ti sọ̀rọ̀ ìjẹta yẹn ni gúrúùpù ti gbiná, iná tó dáa. Ẹnì kan ní ọjà Róòmù ń jẹ́ nundinae, inú ọ̀rọ̀ wọn fún mẹ́sàn-án ló ti wá, bẹ́ẹ̀ ọjọ́ mẹ́jọ mẹ́jọ ni wọ́n ń ná an tá a bá fi ìka òyìnbó kà á. Ìyá kan tó ń ta aṣọ n'Íbàdàn dáhùn pé ṣé ìsán kọ́ nìyẹn ni? Ìsán náà ni! Ọjọ́ tá a ná an wà nínú ẹ̀, ọjọ́ tá a máa tún un ná náà wà nínú ẹ̀, ó di mẹ́sàn-án. Nonae tá à ń sọ yìí pàápàá, ìsán Idus ni, ẹ ka 5 dé 13 kẹ́ ẹ wò ó. Àwọn ará Róòmù a máa kun kàlẹ́ńdà sára ògiri, ọ̀kan tó ti wà kí Késárì tó tún un ṣe ni wọ́n rí ní Antium, ìlú kan nítòsí Róòmù, lẹ́tà A dé H ló ń yí po lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjọ́, kí èèyàn lè mọ ọjọ́ ọjà. Ẹlòmíì mú ti ìsọmọlórúkọ wá: ọmọkùnrin Róòmù gba orúkọ lọ́jọ́ kẹsàn-án, ọmọbìnrin lọ́jọ́ kẹjọ, tiwa láyé àtijọ́ sì jẹ́ ọkùnrin ọjọ́ kẹsàn-án, obìnrin ọjọ́ keje, ìbejì ọjọ́ kẹjọ.

Bí mo ṣe ń gbádùn ẹ̀ lọ́wọ́ ni ẹnì kan kọ ọ́ pé àṣé Róòmù ni Yorùbá ti wá. Mo pa á rẹ́. Mi ò sì bẹ̀rù àtiṣàlàyé: Bíbélì náà kà á bẹ́ẹ̀, ọjọ́ Ẹtì ni wọ́n kan Jésù mọ́ àgbélébùú, Sọ́ńdè ló jíǹde, a sì ń ní ọjọ́ kẹta. Ọ̀pọ̀ èèyàn láyé àtijọ́ ló ń kà báyẹn, kò sọ wọ́n di mọ̀lẹ́bí. Ó bínú, ó jáde, ó padà wọlé lọ́jọ́ kẹta. Ẹ fúnra yín mọ bí mo ṣe kà á.

Èyí tó pa mí lẹ́rìn-ín jù ni ti àwọn àlùfáà Róòmù fúnra wọn. Kí Késárì tó dé, ọjọ́ 355 ló wà nínú ọdún wọn, àwọn àlùfáà ló ń fi oṣù kan há a nígbà tó bá wù wọ́n, wọ́n sì ń fi ṣe òṣèlú, tí wọ́n bá fẹ́ràn ẹni tó wà nípò, ọdún á gùn sí i. Ó wá dàrú tó bẹ́ẹ̀ tí Késárì fi sọ ọdún 46 ṣáájú ìbí Jésù di ọjọ́ 445 kó lè bá oòrùn mu, kàlẹ́ńdà tuntun wá bẹ̀rẹ̀ ní 45. Ó ní kí wọ́n máa fi ọjọ́ kan kún un ní ọdún mẹ́rin mẹ́rin. Wọ́n pa á ní Idus Máàṣì 44, kò sí ẹni tí àwọn àlùfáà lè bi mọ́, ni wọ́n bá ka ọdún tí wọ́n wà mọ́ ọn, wọ́n ń fi ọjọ́ kún un ní ọdún mẹ́ta mẹ́ta! Ọdún 36 ni wọ́n fi ṣe bẹ́ẹ̀, ọjọ́ 12 ni wọ́n fi kún un dípò 9, Augustus tó jọba lẹ́yìn Késárì ló wá ní kí wọ́n dáwọ́ dúró ná títí tó fi tò. Èmi ò ka ara mi mọ́ ọn níbi tó yẹ, àwọn ka ara wọn mọ́ ọn níbi tí kò yẹ. Bàbá Tíṣà ní kí n má fi ìyẹn gbèjà ara mi.

Fẹ́búárì 2024 tún fẹ́ dójú tì mí. Ọdún yẹn ní ọjọ́ 29, Excel mi bá fi ọ̀kan lé gbogbo déètì láti 14 dé 24 Fẹ́búárì. Orí ló yọ mí tí mo tètè rí i. Ọjọ́ tí ará Róòmù ń fi kún un kì í wà níparí oṣù, inú ibẹ̀ ni wọ́n há a sí, wọ́n á pe a.d. VI Kal. Mart. lẹ́ẹ̀mejì, 24 àti 25, bis sextum, ọjọ́ kẹfà ẹlẹ́ẹ̀mejì. Mo ní kí Excel fi 28 ṣírò títí dé 24, kó wá máa fi 29 ṣe é láti 25 lọ. Lọ́jọ́ kejì tí mo tún fi VI ránṣẹ́, èèyàn mẹ́fà ló sáré kọ ọ́ pé ádímìn tún ti ṣe é. Inú mi dùn púpọ̀ láti dá wọn lóhùn.

Òǹkà wọn ò tíì tán nínú gúrúùpù títí di báyìí. Méjìdínlógún lédè Látìn ni duodeviginti, méjì dín ní ogún, oókàndínlógún ni undeviginti, méjìdínlógójì ni duodequadraginta, ó bá tiwa mu wẹ́kú, àfi pé méjì ni wọ́n ń dín mọ, àwa ń dín dé márùn-ún. Òkúta ìrántí sójà kan wà ní Bonn ní Jámánì, Marcus Caelius, ẹni ọdún 53 tó bógun Varus lọ ní ọdún 9 lẹ́yìn ìbí Jésù, ìyẹn ogun tí àwọn ará Jámánì ti ṣẹ́gun ọ̀gágun Róòmù tó ń jẹ́ Varus, wọ́n gbẹ́ orúkọ ẹgbẹ́ ogun rẹ̀ síbẹ̀ ní LEG XIIX, ẹgbẹ́ ogun kejìdínlógún. Ẹ wo àwọn ọ̀pá méjì yẹn níwájú X ìkẹyìn. Ní gúrúùpù wa, kò sẹ́ni tó nílò àlàyé.

Nígbà tó di 11 Sẹ̀tẹ́ńbà 2024, a ṣe ọjọ́ ìbí Severa lọ́jọ́ tó jẹ́. Mo túmọ̀ lẹ́tà rẹ̀ sí Yorùbá, mo kà á sínú voice note, àwọn èèyàn ń fi òdòdó ránṣẹ́. Mo wá fi ìtìjú bi arábìnrin Ìlọrin bóyá kéèkì máa wà. Ó ní òun ti ra tòun lọ́dún tó kọjá, ẹni tó bá fẹ́ jẹ kéèkì kó lọ bá ádímìn.