Páàdì tó yadi nínú géèmù GOG lórí Linux

Ní Ìkòròdú níbí, dátà wọ́n. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń ra géèmù lórí GOG, ilé ìtajà géèmù orí íntánẹ́ẹ̀tì: ẹ gba fáìlì .sh tó ń fi géèmù sórí Linux sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ẹ tọ́jú u sórí fílàṣì, kò ní bèèrè íntánẹ́ẹ̀tì mọ́. Tí mo bá tan ẹ̀rọ mi tó ń lo Debian (irú Linux kan), ES-DE, ètò tó ń to géèmù sójú kan kí a lè fi páàdì yàn wọ́n, ló ń ṣí, bíi géèmù ayé àtijọ́.

Àmọ́ páàdì tó ń ṣiṣẹ́ nínú ES-DE yadi nínú géèmù kan. SDL2 (àkójọ kóòdù tí géèmù fi ń ka páàdì) àtijọ́ tí wọ́n dì mọ́ géèmù náà ni kò mọ páàdì tuntun. Mo ṣí start.sh, fáìlì tó ń tan géèmù náà, mo kọ èyí sábẹ́ ìlà àkọ́kọ́:

export SDL_DYNAMIC_API=/usr/lib/x86_64-linux-gnu/libSDL2-2.0.so.0

SDL2 ti Debian ló ń lò báyìí, àbúrò mi ò sì fẹ́ gbé páàdì sílẹ̀ mọ́. Tó bá jẹ́ géèmù 32-bit, ẹ kọ́kọ́ fi libsdl2-2.0-0:i386 sórí ẹ̀rọ, kí ẹ wá fi i386 rọ́pò x86_64 nínú ìlà òkè yẹn.