Bí mo ṣe rí ojútùú sí ooru kọ̀ǹpútà mi

Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko ni kọ̀ǹpútà alágbèéká mi fi ń ṣàdédé kú mọ́ mi lọ́wọ́. Tí mo bá ti ṣí fídíò, fáànù rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo, kò ní pẹ́ kí ojú rẹ̀ ṣókùnkùn. Bátìrì ni mo kọ́kọ́ fura sí, mo sì ṣì í.

Mo wo bí ooru rẹ̀ ṣe tó: 97°C! Bí ọ̀pọ̀ ṣíìpù, ìyẹn ọpọlọ kọ̀ǹpútà, bá ti ń sún mọ́ 100°C, á dín eré kù, tàbí kí kọ̀ǹpútà pa ara rẹ̀ kó má bàa jóná.

Mo yọ okùn iná, mo tú ìdí rẹ̀, mo sì yọ wáyà bátìrì. Áà, eruku! Ó ti dì bí òwú sí ẹnu irin pẹlẹbẹ tí atẹ́gùn gbígbóná ń gbà jáde. Mo fi ìka di fáànù mú kó má yí, mo wá fi búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ gbọ̀n ọ́n dànù. Thermal paste, ìyẹn ohun rírọ̀ bí ọ̀dà tó ń gbé ooru kọjá láàárín ṣíìpù àti irin tó ń gba ooru rẹ̀, ti gbẹ, ó ń ṣí bí èépá. Mo fi isopropyl, ọtí kẹ́míkà tó máa ń yára gbẹ, nù ún, mo kán tuntun díẹ̀ sí i. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti dí àwọn àlàfo tíntìntín, torí afẹ́fẹ́ kì í gbé ooru kọjá dáadáa.

Fídíò kan náà, 71°C ló ń ṣe báyìí. Ní tèmi o, kí ẹ tó ra fáànù àgbésábẹ́, ẹ kọ́kọ́ gbọn eruku inú rẹ̀ ná. Ẹ má sì gbé e sórí bẹ́ẹ̀dì mọ́, aṣọ ló ń dí ihò atẹ́gùn rẹ̀.