Bí Mo Ṣe Rí Àṣìṣe Tó Wà Nínú Ìwọ̀n Wáyà Mi

Ọjọ́ méjì gbáko ni wáyà irin kan fi da orí mi rú ní láàbù físíìsì wa ní Yábàá. Young's modulus, ìyẹn ìwọ̀n bí nǹkan ṣe ṣòro nà tó, máa ń tó nǹkan bíi 200 GPa (gigapascal) fún irin. Tèmi ń jáde ní 165.

Mo kọ́kọ́ rò pé irin òkè tí a so wáyà mọ́ ló ń tẹ̀. Àmọ́ wáyà méjì la so mọ́ ọn, ọ̀kan gbé ẹrù, èkejì wà fún ìfiwéra, nítorí náà títẹ̀ rẹ̀ kò kàn wá. Mo fi kílò kan na wáyà náà kó tọ́ kí n tó bẹ̀rẹ̀ sí í kà. Síbẹ̀, 165.

Ẹ̀gbọ́n tó ń tọ́jú láàbù ló bi mí pé: "Ṣé o wo máíkírómítà yẹn, irinṣẹ́ tí o fi ń wọn sísanra wáyà, nígbà tí kò sí nǹkan lẹ́nu rẹ̀?" Mo pa ẹnu máíkírómítà náà dé láìfi nǹkan kan sí i. Kò wà lórí òdo: 0.04 mm ló ń kà! Wáyà tí mo kọ pé ó jẹ́ 0.44 mm, 0.40 ni. Ẹ má fojú kéré rẹ̀ o. A máa ń fi sísanra wáyà sọ ara rẹ̀ di púpọ̀ nínú ìṣirò, ká tó fi pín, ìyẹn ni àṣìṣe kékeré yẹn fi wú. Ẹ fi 0.40 pín 0.44, 1.1 ni; ẹ fi 1.1 sọ ara rẹ̀ di púpọ̀, 1.21 ni. Ẹ fi 1.21 sọ 165 di púpọ̀, nǹkan bíi 200 ló máa fún yín.

Báyìí, mo máa ń wo òdo ná, kí n tó wọn wáyà níbi mẹ́ta, ní ìbú àti ní òòró.