Bí mo ṣe ṣọ́ oríta lọ́jọ́ ìdíje kẹ̀kẹ́ tí òjò àkọ́rọ̀ ká wa mọ́ ọ̀nà

Oríta kan lẹ́yìn Mọ́níyà, níbi tí ọ̀nà yangí ti yà kúrò lójú ọ̀nà Ìjàyè, ni wọ́n ní kí n dúró sí. Kí n fi àsíá han àwọn agunkẹ̀kẹ́ ibi tí wọn yóò yà sí, kí n sì kọ nọ́ńbà ẹni tó bá kọjá. Mo yọ̀ǹda ara mi tayọ̀tayọ̀. Mo rò pé àsíá yẹn ni iṣẹ́ ńlá, mo sì fojú kékeré wo ìwé nọ́ńbà.

Irú ìdíje yìí kì í ṣe ti orí ọ̀dà. Gravel ni wọ́n ń pè é. Kẹ̀kẹ́ rẹ̀ jọ ti eré ojú títì, ọwọ́ rẹ̀ tẹ̀ wálẹ̀, ṣùgbọ́n táyà rẹ̀ fẹ̀, ó tó 40 mílímítà, wọn kì í sì í fún un ní atẹ́gùn púpọ̀, kó lè gba òkúta mọ́ra. Láti 2006 ni wọ́n ti ń gun irú rẹ̀ ní Emporia, ní ìpínlẹ̀ Kansas ní Amẹ́ríkà, 200 máìlì gbáko. Mo ti kà nípa ẹrẹ̀ tó bá wọn níbẹ̀ ní 2023, tí kẹ̀kẹ́ kò yí mọ́, tí wọ́n ń gbé e léjìká. Ẹrẹ̀ yangí tiwa náà kò ṣeé fọwọ́ yẹpẹrẹ mú. Nítorí náà, ní alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, mo la ọparun sí pẹlẹbẹ pẹlẹbẹ, bí ogún, kí wọ́n lè máa fi ha ẹrẹ̀ lára táyà àti ṣéènì. Mo mú fèrè, kóòtù òjò, àpò píọ̀ wọ́tà méjì àti ọ̀gẹ̀dẹ̀. Pẹ́ńsù ni mo mú, n kò mú bírò, nítorí omi a máa fọ yíǹkì nù. Inú nylon ni ìwé wà.

Òpin oṣù kẹta ni. Ní aago mẹ́sàn-án, oòrùn ń jó wa lórí. Bàbá kan jókòó sí ẹ̀gbẹ́ oko gbágùúdá rẹ̀, mo lọ kí i.

“Ẹ kú ìjókòó, Bàbá. Ṣé òjò kò ní rọ̀ báyìí?”

“Òkè orí rẹ kọ́ ni kí o máa wò, ọmọ mi. Ìhà ìlà oòrùn ni òjò àkọ́rọ̀ ti ń wá. Ìjì rẹ̀ ló sì máa ń ṣáájú rẹ̀ dé.”

Láti ìgbà náà ni mo ti ń wo ìlà oòrùn. Nígbà tó kọjá aago mọ́kànlá díẹ̀, ibẹ̀ dúdú bí ìdí ìkòkò. Ìjì dé, ó gba àsíá lọ́wọ́ mi. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì lọ. Mànàmáná kọ, mo bẹ̀rẹ̀ sí í kà: ení, èjì, ẹ̀ta… Ìró àrá ń rin nǹkan bíi kìlómítà 1 ní ìṣẹ́jú àáyá 3. Bí o kò bá tíì ka 30 tí àrá fi sán, ó ti sún mọ́ ọ. N kò kà ju 12 lọ. Mo fọn fèrè, mo dá gbogbo ẹni tó ń bọ̀ dúró. Àwọn kan ti ń sá lọ sábẹ́ ìrókò, mo pariwo mọ́ wọn títí ohùn mi fi há. Mo kó mẹ́rin sínú Micra tó gbé mi wá, a ti gíláàsì rẹ̀ pa. Àwọn ìyá tó ń yan gàrí nítòsí ṣí yàrá bíríkì wọn fún àwọn yòókù.

“Ẹ wọlé jàre, ẹ̀yin ọmọ mi. Ẹ fi kẹ̀kẹ́ sílẹ̀, kò sí ẹni tí yóò gbé e.”

Lẹ́yìn àrá tó sán kẹ́yìn, a dúró fún 30 ìṣẹ́jú kí n tó jẹ́ kí wọ́n máa lọ. Ọparun mi tán kíá.

Ìgbà náà ni mo jókòó ti ìwé. Àwọn 46 ló gbéra. Mo kà á lẹ́ẹ̀mẹta, 45 ni. Nọ́ńbà 31 kò sí níbẹ̀. Ẹni tó ń ṣọ́ oríta tó ṣáájú tèmi ní òun ti kọ ọ́. A jẹ́ pé àárín èmi àti òun ló wà. Àyà mi já. Wọn kò ṣètò ọkọ̀ tí yóò máa tẹ̀ lé ẹni ìkẹyìn, ó sì dùn mí títí di òní, nítorí òun ló yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ wá, kí wọ́n tó wá àsíá.

Èmi àti awakọ̀ Micra wọ ọ̀nà náà. Nígbà tí ẹrẹ̀ dá ọkọ̀ dúró, a fi ẹsẹ̀ rìn. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì kékeré kan ni a ti rí i, ọmọbìnrin kan, ó ń gbọ̀n. Ẹrẹ̀ ti dì mọ́ ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́ rẹ̀, irin tó ń gbé ṣéènì ti dá. Mo tú ìborùn mi, mo fi bò ó. Nígbà tí a mú un dé ọ̀dọ̀ àwọn ìyá náà, wọ́n bu ògì gbígbóná fún un. Ó mu ún tán kó tó sọ̀rọ̀.

“Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ ọ́ pé mo dé ibí.”

Mo mú pẹ́ńsù, mo kọ ọ́: 31, aago 1:52.