Orúkọ 438 tó wà nínú fóònù mi

Ibà ló dá ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀. Alẹ́ ọjọ́ Àìkú ni, ara mi gbóná, ilé dákẹ́, mo kàn fẹ́ gbọ́ ohùn èèyàn ṣáá ni. Mo mú fóònù, mo ń fi àtàǹpàkò yí orúkọ láti A. Mo yí i títí dé Y. N kò pe ẹnikẹ́ni. Ẹni tó bá wù mí láti pè, màá rántí pé ọdún méjì rèé tí a ti sọ̀rọ̀ gbẹ̀yìn. Ẹni tí a sì ń bára wa sọ̀rọ̀ lójoojúmọ́, ọ̀rọ̀ iṣẹ́ nìkan ló pa wá pọ̀. Mo da fóònù dojú bolẹ̀ sórí ìrọ̀rí. Ọjọ́ méjì ni ibà yẹn lò, ṣùgbọ́n pé mo wo orúkọ 438 tí n kò rí ẹnì kan pè, ìyẹn kò kúrò lọ́kàn mi.

Bí ara mi ṣe yá tán, mo pinnu pé màá yẹ gbogbo orúkọ náà wò lọ́kọ̀ọ̀kan, kí n lè mọ ẹni tó ṣì kù fún mi, àti ẹni tí èmi náà ṣì kù fún.

Ẹ̀dà ni mo kọ́kọ́ tọ́jú. Fóònù mi ní àyè tí èèyàn fi ń kó gbogbo orúkọ jọ sínú fáìlì kan ṣoṣo, èyí tí orúkọ rẹ̀ máa ń parí sí .vcf. Mo fi í ránṣẹ́ sí ímeèlì ara mi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹni tó bá fẹ́ dán irú èyí wò, kó má fo ibẹ̀ yẹn. Tí inú èèyàn ò bá dùn lálẹ́, ó lè pa orúkọ rẹ́, kí ilẹ̀ tó mọ́ kó ti máa wá a. Ẹ̀ẹ̀mejì ló ṣẹlẹ̀ sí mi, inú fáìlì yẹn ni mo ti rí wọn padà.

Ọgbọ̀n orúkọ ni mo ń yẹ̀ wò lálẹ́ kan, ó sì gbà mí ní alẹ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. N kò ṣe é lórí ibùsùn. Mo jókòó sídìí tábìlì pẹ̀lú ìwé àjákọ àti bírò, mo pa tẹlifíṣọ̀n. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ kọ̀ọ̀kan, ohun kan péré ni mo ń kọ: ohun tí mo rántí gbẹ̀yìn nípa ẹni náà. Kì í ṣe iṣẹ́ rẹ̀, kì í ṣe ibi tí a ti pàdé. Bóyá bó ṣe ń rẹ́rìn-ín, bóyá ìwé tó yá mi. Bí n kò bá rí nǹkan kan kọ, mo pa orúkọ náà rẹ́.

Ọ̀pọ̀ kò gba àkókò: àwọn tí a jọ lọ sí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ọjọ́ méjì, ẹni tó bá mi tún ẹ̀rọ ṣe lẹ́ẹ̀kan, ẹnì kan tó ní nọ́ńbà mẹ́ta tí méjì ti kú nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀kan wà tí mo kọ MÁ GBÉ E sí dípò orúkọ, pẹ̀lú lẹ́tà gàdàgbà gàdàgbà. Mo jókòó tì í. N kò rántí ẹni náà, n kò rántí ìjà náà. Ìbínú tó mú kí n gba orúkọ lọ́wọ́ ọmọ ẹlòmíràn ti lọ tán, nọ́ńbà nìkan ló ṣẹ́kù. Mo pa á rẹ́, ṣùgbọ́n ó pẹ́ kí n tó kúrò lórí ẹ̀, torí ó ṣeé ṣe kí èmi náà máa jẹ́ MÁ GBÉ E nínú fóònù ẹnì kan.

Mo ti ka ọ̀rọ̀ Robin Dunbar, onímọ̀ ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó wo ìwọ̀n ọpọlọ àwọn ọ̀bọ àti ìnàkí, tó wá sọ ní 1992 pé nǹkan bí 150 èèyàn ni ọkàn wa lè gbà ní ojúlùmọ̀ tòótọ́. Ó ní bí márùn-ún ló máa ń sún mọ́ wa jù, bíi 15 tẹ̀ lé wọn, lẹ́yìn náà bíi 50. Àwọn onímọ̀ kan ní Stockholm ta kò ó ní 2021, wọ́n ní a ò lè ti ara ọpọlọ ẹranko ṣírò iye ọ̀rẹ́ èèyàn. Ọ̀dọ̀ wọn ni ọkàn mi fẹ́ lọ. Síbẹ̀, ẹni márùn-ún tó ní ó sún mọ́ wa jù yẹn ló kọlù mí. Mo ka àwọn tí mo lè pè láago méjì òru láìkọ́kọ́ tọrọ àforíjì. Ẹni méjì ni.

Ọ̀dọ̀ Àǹtí ni iṣẹ́ ti dúró. Àbúrò ìyá mi ni, ó ti lé lọ́dún mẹ́ta tó ti di olóògbé. Mo ṣí ọ̀rọ̀ tó kọ sí mi gbẹ̀yìn: “Ṣé o ti délé?” Aago mẹ́sàn-án alẹ́ ku ìṣẹ́jú mẹ́rin ló fi ránṣẹ́. Mo ti délé lóòótọ́. Mo kà á ní ẹnu ọ̀nà, mo gbé fóònù kalẹ̀ kí n lè bọ́ bàtà, n kò sì dá a lóhùn mọ́. Ọjọ́ mọ́kànlá ló tún lò láyé lẹ́yìn ìyẹn. Lálẹ́ tí mo dé orí orúkọ rẹ̀, mo kọ èsì: “Mo ti délé, mà.” N kò fi ránṣẹ́. Àwọn ilé iṣẹ́ fóònù máa ń fún ẹlòmíràn ní nọ́ńbà tí ẹnikẹ́ni ò lò mọ́, n kò sì fẹ́ kí ọ̀rọ̀ yẹn bọ́ sọ́wọ́ àjèjì. Inú ìwé àjákọ ni mo kọ ọ́ sí. Orúkọ rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀, kò sì ní kúrò.

Lẹ́yìn alẹ́ kẹẹ̀ẹ́dógún, orúkọ 291 ló kù. Mo mú mọ́kànlá tí àárò wọn ń sọ mí gan-an, mo fẹ́ kọ̀wé sí wọn. Ibẹ̀ ni ẹ̀rù bà mí. Mo kọ ti àkọ́kọ́ gùn, àforíjì ló kún inú rẹ̀. Mo tún un kà, mo rí i pé ṣe ni mo fẹ́ kí ẹni náà máa rẹ̀ mí lẹ́kún. Mo pa á rẹ́. Èyí tí mo wá fi ránṣẹ́ kò ju ìlà kan lọ: “Òjò ń rọ̀ níbí, mo rántí ọjọ́ tó ká wa mọ́ abẹ́ pátákó yẹn. Ṣé dáadáa lo wà?” N kò bẹ̀bẹ̀, n kò tọrọ nǹkan kan. Ohun kan péré tí àwa méjèèjì jọ mọ̀ ni mo fi kí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìwádìí kan tí Peggy Liu, olùwádìí kan ní Amẹ́ríkà, àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ gbé jáde ní 2022 ló kì mí láyà: wọ́n rí i pé ẹni tó kini kì í mọ bí ìkíni òun ṣe dùn mọ́ ẹni tó kí tó, pàápàá tí onítọ̀hún ò bá retí rẹ̀.

Mẹ́jọ dáhùn. Méjì ò tíì sọ nǹkan kan, mo sì gbà bẹ́ẹ̀. Ìkọkànlá, ọwọ́ àjèjì ló bọ́ sí: “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣi nọ́ńbà. Ọdún kan rèé tí mo ti ń lò ó.”

Ọ̀kan nínú àwọn mẹ́jọ náà ni ọ̀rẹ́ mi tí a jọ gbé yàrá nígbà tí a wà nílé ìwé. Kò kọ èsì, ṣe ló pè. Ó ní, “Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ti kọ nǹkan sí ọ tí mo tún pa á rẹ́.” Mo gbọ́ ọ, ara mi wálẹ̀. Ọdún mẹ́rin ni mo fi ka dídákẹ́ rẹ̀ sí pé ó kọ̀ mí, n kò ka tèmi mọ́ ọn. Ìṣẹ́jú 47 la lò. Kí n sọ òótọ́, kì í ṣe bíi ti tẹ́lẹ̀. Àwọn ibì kan wà tí a ò mọ ohun tí a ó sọ. N kò mọ orúkọ ọmọ rẹ̀, ọmọ náà sì ti ń lọ sílé ìwé.

Jeffrey Hall, olùkọ́ kan ní yunifásítì ní Amẹ́ríkà, fojú bù ú ní 2018 pé ó ju 200 wákàtí lọ kí èèyàn méjì tó di kòríkòsùn. Nígbà tí a jọ wà nínú yàrá kan, oṣù kan kò ní parí kí a tó lò ó tán. Nísinsìnyí, tó bá jẹ́ ìṣẹ́jú 47 lóṣù, ó máa gbà wá ní ọdún mọ́kànlélógún. Wọ́n ní ogún ọmọdé kì í ṣeré gba ogún ọdún, àti kékeré ni wọ́n ti ń fi í tù wá nínú pé kí a jẹ́ kí ẹni tó ń lọ máa lọ. Mo ṣì gbà á gbọ́. Ṣùgbọ́n òwe náà kò sọ pé ọmọdé méjì nínú ogún kò lè dàgbà tán kí wọ́n tún jọ jókòó.

Ìdáwà kọ́ ni mo ń sá fún. Mo fẹ́ràn ilé tó dákẹ́, alẹ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún yẹn sì wà lára èyí tó dùn mọ́ mi jù lọ́dún náà. Àìrẹ́ni-bá-sọ̀rọ̀ ló yàtọ̀. Àjọ ìlera àgbáyé, WHO, sọ ní 2025 pé ẹnì kan nínú mẹ́fà ni irú rẹ̀ ń bá fínra lágbàáyé. Nítorí náà mo ya alẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun àti Ọjọ́bọ̀ sọ́tọ̀ fún ìpè, alẹ́ tó kù sì jẹ́ tèmi nìkan.

Ọjọ́bọ̀ tó kọjá, bí mo ṣe ń ṣílẹ̀kùn ni fóònù dún. Nọ́ńbà ọ̀rẹ́ mi ni, ṣùgbọ́n ohùn ọmọdé ni mo gbọ́. “Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, mà. Màmá mi ní kí n bi yín pé ṣé ẹ ti délé.”

Bàtà ṣì wà lẹ́sẹ̀ mi nígbà tí mo dá a lóhùn.